Káfíńtà Tí Wọn Ò Tíì Rí

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ jù nípa olóògbé Káfíńtà ni ti ọjọ́ tí wọ́n fi ọmọlanke gbé e lọ sílé oníbàárà, pẹ̀lú ọjà tó kàn.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Igi tútù, iṣẹ́ dúró, ó bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sínú ilé, ó ní kí wọ́n ṣe eré bojúbojú. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nígbà náà, ló dijú. Nígbà tó lajú, Bàbá ti pòórá. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ó ṣí àpótí aṣọ. Kò sí Bàbá.

Ó ṣì ń wá a kiri nígbà tí àwọn ọlọ́mọlanke méjì dé. Wọ́n ní àwọn wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí Nọ́ọ̀sì, oníbàárà Bàbá, ní kí wọ́n kan fún òun. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti gba ọ̀dà, ó ti gbẹ. Wọ́n gbé e, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ọmọ yìí, kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.”

“Ó wúwo jù.”

Inú bí Àbígbẹ̀yìn. “Igi gidi ni bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́,” ó ní. “Ẹ̀yin ti gbé pákó jẹgẹjẹgẹ kiri títí, ẹ ò mọ igi mọ́.” Ó bá wọn fi okùn dì í. Ó bá wọn ti ọmọlanke náà títí ó fi jáde ní géètì, ó sì padà wọlé láti máa wá bàbá rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, ó kó aṣọ sọ́wọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tuntun, ó rí àgbà ọkùnrin kan tó ká eékún mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì ti rí oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn padà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ronú díẹ̀.

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Káfíńtà ni.”

“Ṣé iṣẹ́ ò tíì parí ni?”

“Iṣẹ́ ti parí. Bojúbojú là ń ṣe.”

“Ẹ̀yin àti ta?”

“Èmi àti àwọn ọmọ mi.”

“Àwọn ọmọ náà dà?”

“Wọ́n wà nílé. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè. Wọn ò tíì rí mi.”

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí kó jáde, kò jáde. Òfin eré náà, Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ṣe é: ẹni tó ń wá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí ẹni tó sá pamọ́, kó sì sọ pé, “Mo rí ọ.” Ẹni tó bá jáde kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ti túúbá. Nọ́ọ̀sì ní kí òun fọwọ́ kan orí rẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Káfíńtà ní Nọ́ọ̀sì kò sí nínú eré.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Àbígbẹ̀yìn. Ó sáré dé tòun ti téèpù lọ́rùn, ó gbé ọwọ́ lé bàbá rẹ̀ lórí.

“Mo rí yín.”

“O ò rí mi. Wọ́n júwe mi fún ọ ni.”

“Bàbá, orí yín ni mo gbọ́wọ́ lé yìí.”

“Orí mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú dé ìdí nǹkan, ṣé òun ló wá a rí? Ìwọ náà lo sì tì mí jáde nílé.” Ó na ẹsẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó nàró, ó wo ibi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, ó ní kí Nọ́ọ̀sì má fi aṣọ tútù kọ́ ọ o, nítorí igi.

Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pè é ní Bàbá Wọn-Ò-Tíì-Rí-Mi. Láti ọjọ́ náà náà ni Àbígbẹ̀yìn ti ní ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé: kí òun wá bàbá òun rí, lójú ara òun, láìsí ẹni tó júwe.

Kì í ṣe ohun tó rọrùn. Káfíńtà kì í fi eré ta ọmọdé lọ́rẹ. Ó ní ẹni tí òun bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí òun, òun ti fojú tín-ín-rín rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, wọ́n jọ gbá bàlúùnù ní pálọ̀, pé ẹni tó bá jẹ́ kó balẹ̀ ti pàdánù. Ó fàgbà han ọmọ náà pátápátá. Lẹ́yìn náà ló gbé e kọ́ èjìká, ó sì gbé e yí ilé ká, kí ó lè mọ bí ayé ṣe rí lójú ẹni tó borí.

Kò lè fara da kí ènìyàn jókòó. Tó bá rí ọmọ tó jókòó gẹlẹtẹ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ṣe ló máa ń wò ó bí ẹni ń wo pákó tí ikán ti wọ̀. Yóò dé àárín pálọ̀, yóò sì sọ jẹ́jẹ́ pé, “Omi ti dé.” Ó parí. Ilẹ̀ ti di omi nìyẹn. Kí kálukú wá àga, àpótí tàbí tábìlì gùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti rì, wọn yóò sì fà á lẹ́sẹ̀ lọ sí kíṣìnnì.

Inú omi yìí ni àwọn àna Àbígbẹ̀yìn bá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ẹ mú bàbá rẹ̀ wá láti tọrọ ọmọ. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá náà, ènìyàn jẹ́jẹ́, tó dé fìlà, tó mú ọ̀pá dání. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ni Káfíńtà wí látorí tábìlì ìjẹun. “Ẹ má bọ́ sílẹ̀ o. Omi ni.”

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. “Omi dà?”

“Ó ti fẹ́ dé orúnkún yín, sà. Ẹ gun àpótí yẹn.”

Ọ̀gá yíjú wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó ń wá nílé náà, ó ti wà lórí àpótí kejì. Kí ni àgbà yóò ṣe? Ó gun àpótí, fìlà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bàbá ìyàwó lórí tábìlì, bàbá ọkọ lórí àpótí, Àbígbẹ̀yìn lójú fèrèsé, ó ń wá ibi tí yóò fi ojú sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yanjú, Káfíńtà kéde pé omi ti fà. Ọ̀gá kò sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá kan ilẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọlanke, Màmá, ìyàwó Káfíńtà, ti ṣòfin tirẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má sá pamọ́ sínú ọjà oníbàárà mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì jáde kúrò nínú ilé. Káfíńtà gbà. Ní ìgbà òjò yẹn kan náà ló kan kọ́bọ́ọ̀dù àwo fún Màmá, èyí tí Màmá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún kí wọ́n tó bí àkọ́bí. Kọ́bọ́ọ̀dù náà tóbi, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri pálọ̀ kan tán. Gbogbo wọn yọ̀ mọ́ Màmá. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó mú ojú Káfíńtà là.

Láti ìgbà náà, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n tú ilé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n gun àjà. Wọ́n ká bẹ́ẹ̀dì sókè. Màmá á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àwo, á máa ká aṣọ, kọ́ọ̀bù omi kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó mu.

“Màmá, ẹ rí Bàbá?”

“Ṣé èmi náà wà nínú eré ni?”

Tí wọ́n bá lọ wo ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n fi máa padà dé, Káfíńtà á ti jókòó sí pálọ̀, eruku lórí, á máa béèrè ohun tó pẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àbígbẹ̀yìn da ìyẹ̀fun sílẹ̀ ní gbogbo ilé, kí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lè hàn. Ẹsẹ̀ hàn lóòótọ́. Ó tẹ̀ lé e láti yàrá dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, ó sì bá sílípáàsì ara rẹ̀ níbẹ̀, funfun báláú. Sílípáàsì òun ni Bàbá wọ̀ rìn. Ó ṣì ń wò ó nígbà tí Màmá fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó lọ sílé ọkọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó bímọ. Tó bá wá kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, kó tó gbé báàgì sílẹ̀ ni yóò ti dijú. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà bá a wá a títí. Bàbá ń darúgbó, eékún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, síbẹ̀ wọn ò rí i.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ dìde. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí, tó ti di àgbà nọ́ọ̀sì, ló ń wá fún un lábẹ́rẹ́ nílé. Káfíńtà ká ìbọ̀sẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, ó ní kí wọ́n gbé báṣíà sẹ́nu ọ̀nà.

“Tó bá wọlé, apá lẹ máa gún.”

“Tí kò bá wọlé ńkọ́, Bàbá?”

“A jẹ́ pé ìdí ni.”

Ó jù ú. Kò wọlé. Nọ́ọ̀sì mú ìbọ̀sẹ̀, òun náà jù ú látibi tó wà, ó bọ́ sínú báṣíà pọ́n-ún. Káfíńtà wo báṣíà, ó wo Nọ́ọ̀sì, ó sì yí ìdí sí i láìjanpata.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló pe Àbígbẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀.

“Ṣé kí n sọ ibẹ̀ fún ọ?”

Àbígbẹ̀yìn fẹ́ gbọ́. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá rẹ̀ tó ń ṣọ́ òun.

“Ẹ má sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, wọ́n júwe yín fún mi nìyẹn.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Tí mo bá wá lọ ńkọ́?”

“Màá ṣì máa wá yín.”

“O ṣeun, ọmọ mi,” ó ní. Ó pa ojú dé bí ẹni tí wọ́n parí iṣẹ́ fún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kú lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fò láti àga dé àga ní pálọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Ìgbà òjò mìíràn dé. Màmá ní kí Àbígbẹ̀yìn bá òun rán aṣọ tí òun yóò máa tẹ́ sábẹ́ àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwo kún inú rẹ̀, nítorí náà ara ìta ni Àbígbẹ̀yìn fi téèpù wọ̀n. Ó gé aṣọ, ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó kó àwo sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ. Aṣọ gùn jù, ó sì fi ohun tó lé ní ìgbọ̀nwọ́ kan gùn jù.

“Màmá, aṣọ yìí ò bá a mu.”

“Bóyá o ṣì í wọ̀n ni.”

“Èmi kì í ṣi nǹkan wọ̀n.”

“Bóyá bàbá ẹ ló ṣì í kàn.”

“Bàbá kì í ṣi nǹkan kàn.”

“Ó dáa,” ni Màmá wí. Ó ń ká aṣọ lọ. “Kí ló wá kù?”

Àbígbẹ̀yìn dúró. Ó kan ọwọ́ ọ̀tún kọ́bọ́ọ̀dù, igi dún. Ó kan ọwọ́ òsì, òfìfo dún. Ó tẹ pákó ẹ̀gbẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, pákó náà sì yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìdún rárá, bí gbogbo ohun tí ọwọ́ Káfíńtà bá kàn.

Àpótí ìjókòó kékeré kan wà nínú ibẹ̀. Tìmùtìmù wà lórí rẹ̀, tí wọ́n fi àjákù aṣọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rán. Kọ́ọ̀bù kan wà nílẹ̀, tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé.

“Màmá, ẹ mọ̀.”

“Ta lo rò pé ó ń gbé omi fún un?”

“Láti gbogbo ọdún yìí?”

“Ó ní kí n má sọ. Mi ò sì sí nínú eré.”

Àbígbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó, ó ká eékún mọ́ àyà. Ihò kékeré kan wà ní ọ̀gangan ojú. Ó yọjú. Ó rí pálọ̀ kedere, ó sì rí ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sí, ọwọ́ ní ìbàdí, tí yóò máa bá ògiri jà pé Bàbá ń ṣe màgòmágó. Gbogbo rẹ̀ pátá ni Bàbá ń wò. Ẹ̀rín gbé e níbẹ̀, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó rí ibì kan lára pákó, lókè díẹ̀ sí orí rẹ̀, tó dúdú, tó ń dán. Orí Bàbá ló ti ń fara ti ibẹ̀, ọdún dé ọdún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

“Mo rí yín,” ó ní.

Kò sẹ́ni tó ní wọ́n júwe rẹ̀ fún un.

Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ gìrìgìrì láti ẹ̀yìnkùlé. Màmá na ẹsẹ̀ látorí àga, ó ti pákó náà padà sí ipò rẹ̀.

“Ìyá àgbà, ẹ rí Màmá wa?”

“Ṣé èmi náà wà nínú eré ni?”

Wọ́n sáré gba yàrá lọ. Màmá dúró kí ẹsẹ̀ wọn jìnnà. Ó fa pákó sẹ́yìn díẹ̀, ó na ọwọ́ wọlé gba kọ́ọ̀bù, ó sì lọ bu omi.