Ìrẹsì Kérésìmesì àti Ilẹ̀kùn Aládùúgbò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rù Kérésìmesì máa ń bà mí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé bàtà tuntun àti adìẹ díndín ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi máa ń rántí. Èmi náà rántí wọn. Mo rántí òórùn àlùbọ́sà nínú òróró gbígbóná, ọyẹ́ tó ń bó wa létè, àti àkùkọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé wa ní Pápá Àjàó, tí yóò máa wò wá bí ẹni pé ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo máa ń gbàdúrà kí oúnjẹ má tètè jinná, nítorí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti se oúnjẹ tán, èmi ni wọ́n máa rán kiri àdúgbò.

Tíṣà ni màámi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku sì ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá jẹ Kérésìmesì láìgbé oúnjẹ fún aládùúgbò kò tíì ṣe ọdún. Àwọn Mùsùlùmí ló tilẹ̀ pọ̀ jù lójúlé wa, ẹran Iléyá wọn kì í sì í fò wá dá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ kan síbí, màámi á ti bu ìrẹsì sínú abọ́ tánńganran, á da ọbẹ̀ sí i, á gbé ẹran lé e, á sì fi abọ́ mìíràn dé e. Òfin sì wà níbẹ̀ dáadáa. Kí n kúnlẹ̀. Kí n jíṣẹ́ pé ìyá mi ní kí n kí wọn kú ọdún. Kí n dúró gba abọ́. Kí n má fi ohunkóhun tí wọ́n bá fún mi kan ẹnu títí màá fi délé. Tí mo bá sì gbàgbé abọ́ síbì kan, màá padà lọ mú un, ibi yòówù kó jẹ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló gba ìgboro kan. Ẹ ò gbàgbé bó ṣe máa ń rí nígbà yẹn: kò sẹ́ni tó mọ ọmọ tí wọ́n gbé, kò sẹ́ni tó mọ òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé inú àpò ni wọ́n gbé e sí. Àwa ọmọ àdúgbò kò wá ẹni tó ń ṣe é jìnnà. Bàbá Réwáyà ni. Bàbá yìí ló ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà kan ní ìparí àdúgbò wa, ó sì ń dá gbé. Omi bátìrì ti ta sí i lójú kan rí, ojú náà ti funfun. Ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí kò ní táyà wà nínú ọgbà rẹ̀, àwa ọmọdé sì ti fẹnu kò pé inú bùùtù ọkọ̀ yẹn ló ń kó àwọn ọmọ sí.

Bẹ́ẹ̀, abọ́ tirẹ̀ ni màámi máa ń fi kádìí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ní inú ń run mí. Màámi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Inú tó ń run ẹ́ yẹn, ó ṣì máa ráàyè jẹ ìrẹsì tó bá yá. Gbéra." Mo gbéra. Ní gbogbo ọ̀nà ni àwọn ọmọkùnrin ń yin bánńgà, tó bá ti dún báyìí, màá fò sókè. Ọbẹ̀ gbígbóná ta sí mi lọ́wọ́, n ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá Réwáyà gba abọ́ náà, ó súre fún mi títí, n ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Ojú funfun yẹn ni mò ń wò. Ó gbé oúnjẹ wọlé lọ dà á sínú abọ́ tirẹ̀. Èmi dúró sójú kan nínú ọgbà, òórùn gírísì gba imú mi, ilẹ̀kùn ọgbà sì ti pa dé lẹ́yìn mi. Nígbà tó jáde, kò bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìdí ọkọ̀ yẹn ló gbà lọ. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ bùùtù, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, ó wá nawọ́ sí mi. Ó ní, "Wá, ọmọ dáadáa. Wá wo nǹkan."

Ẹ̀yin ará, mo tọ̀ sára. Kaba tuntun tí wọ́n rán fún mi nítorí ọdún, mo tọ̀ sí i. Mo fipá ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, mo sáré, n ò wẹ̀yìn títí mo fi dé iwájú màámi. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé abọ́ òun dà.

Mo ti jẹ pàṣán rí, mo ti kúnlẹ̀ gbọ́wọ́ sókè rí, kò sí ìyà tó le tó ìpadàlọ yẹn. Mo sọ fún un pé Bàbá Réwáyà fẹ́ ti mí sínú bùùtù. Ó pààrọ̀ aṣọ fún mi, ó ní kí n lọ gba abọ́ òun wá. Kò tẹ̀ lé mi. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ògiri ni mò ń dì mú rìn. Nígbà tí mo máa débẹ̀, bàbá náà ti wà lẹ́nu ọgbà, abọ́ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Bisikíìtì àti ìgò míńrà ló wà nínú rẹ̀. Àṣé inú bùùtù yẹn ló ń kó ohun jíjẹ sí nítorí eku tó wà nínú yàrá rẹ̀. Ó ní, "Láti àárọ̀ ni mo ti rà á dè ẹ́. Mo ti ń rò ó pé màmá ẹ gbàgbé mi lọ́dún yìí ni." Mo dúpẹ́, mo gbà á. N ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí títí a fi kó kúrò ní àdúgbò náà.

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, Sùúrùlérè la ń gbé, nínú ilé fúláàtì kan. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ìtàn yìí fún Tómi, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kérésìmesì tó kọjá yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìrẹsì kalẹ̀ ni, ó wá dúró tì mí ní kíṣìnì. "Mọ́mì, èmi náà fẹ́ gbé oúnjẹ kiri."

Fóònù mi ni mo kọ́kọ́ wò. Ó kún fún àwòrán ọmọ tó sọnù, òròòwúrọ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ nínú gúrúùpù àwọn òbí. Ilé tí à ń gbé yìí, n ò mọ orúkọ àwọn tó wà lókè wa. Ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo mọ̀. Bàbá Tómi ní ká jókòó sílé jàre, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ìyẹn mọ́. Ó wù mí kí n gbà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá ní rárá lọ́dún yìí, Tómi ò ní bèèrè mọ́, ohun tí màámi fi gbogbo ẹkún mi kọ́ mi á sì parí sọ́wọ́ mi. Mo bu ìrẹsì. Mo ní a jọ ń lọ ni.

Ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa la kọ́kọ́ kàn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe látinú ilé. Tómi gbé abọ́ dání, èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo di èjìká rẹ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pẹ́ ká tó gbọ́ ohùn tó ń bèèrè ẹni tó wà níta. Ilẹ̀kùn onígi ṣí díẹ̀, ti onírin ṣì wà ní títì. Ọmọbìnrin náà wo abọ́, ó wo Tómi, ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ kú ọdún, mà. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti jẹun."

Mo ní kó gbà á sílẹ̀ de alẹ́. Ó mi orí. "Ẹ má bínú, mà. Èmi kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn ni." Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tún fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Tómi gbójú sókè wò mí. "Mọ́mì, ṣé wọ́n ń bẹ̀rù wa ni?"

Nígbà tiwa, ọmọ tó gbé oúnjẹ lọ́wọ́ ni ẹ̀rù ń bà, ẹni tó wà nínú ilé sì ti ń wo ọ̀nà fún un. Lóde òní, ẹ̀rù ń ba ẹni tó wà níta, ẹ̀rù ń ba ẹni tó wà nínú, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi ń sá fún gbọ́mọgbọ́mọ. Èmi ni mo wá di gbọ́mọgbọ́mọ lójú ọmọ ọlọ́mọ yìí, lọ́jọ́ ọdún, tèmi tìrẹsì. Ó dùn mí, mi ò sì lè bínú sí i, nítorí ká ní òun ló gbé abọ́ wá bá mi ni, n ò mọ̀ bóyá màá jẹ́ kí Tómi jẹ ẹ́.

Mo ní ká padà sílé. Tómi ní oúnjẹ á tutù. Ó yọ èjìká rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kọrí sí àtẹ̀gùn, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà lókè. Mo gbéra tẹ̀ lé e. Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ó ti débẹ̀. Mo dúró níbi tí mo wà, mo ń wò ó, mo sì jẹ́ kó dá kan ilẹ̀kùn.