Obìnrin Tó Wà Nínú Aago Alhájà

Aago ni ìyá ọkọ mi rò pé àwọn rà ní Jídà. Nígbà tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà, ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n gbé mi wọlé ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n rí i lórí àtẹ ọmọ Lárúbáwá kan: nǹkan pẹlẹbẹ bí agolo sàdíìnì, tó ní gíláàsì lójú, tí nọ́ńbà aago ń yí lórí rẹ̀, tó sì máa ń dún pí-pí-pí ní àkókò tí èèyàn bá fi í sí. Alhájà ní àwọn ò tún ní sùn kọjá sààrì mọ́ láyé àwọn. Wọ́n rà á, wọ́n dì í mọ́ gèlè, wọ́n gbé e wálé. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilé tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lára rẹ̀ ni àwọn ọ̀bọ yọ lórí igi, tí wọ́n ń ju máńgòrò sílẹ̀, tí ọkùnrin alápẹ̀rẹ̀ kan sì ń sá síwá sá sẹ́yìn láti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ wọn. Géèmù ni Alhájà rà.

Wọn ò bínú. Wọ́n ní bí ọ̀bọ bá ti lè sọ aago tó péye, kí ó máa bá eré rẹ̀ lọ. Nǹkan náà wá di oníṣẹ́ méjì. Ní ìdájí, ti Alhájà ni, òun ló ń jí wọn kírun àsùbáà. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó di ti àwọn ọmọ ilé, títí òjìji ilé yóò fi kan abà tí àwọn ọkùnrin ti ń hun aṣọ òfì. Bí òjìji bá ti kàn án, Alhájà á na ọwọ́, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì dá a padà, ìbáà jẹ́ pé máńgòrò wà ní agbede méjì òfuurufú.

Ọmọ Ṣakí ni èmi. Abẹ́ àtẹ ìyá mi ni mo dàgbà sí, níbi tí àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn ibodè ti ń dúnàá-dúràá pẹ̀lú wa, tí a ń fi ọwọ́ sọ èyí tí ẹnu kò bá gbọ́. Ẹnu mi mú, orí mi sì le. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àna mi ní ọjọ́ ìdáná kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò gbọ́. Ohun tó ká mi lára nílé ọkọ kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Jíjókòó sójú kan ni. Ọkọ mi ń hun aṣọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń hun aṣọ, Alhájà ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ tà ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn. Wọ́n ti ń wá ìyàwó kan tí yóò máa bá wọn lọ. Ní oṣù kẹta tí mo wọlé, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Ìyàwó, tí ààwẹ̀ bá ti parí, ìwọ ni o máa bá mi lọ sí Òjé.” Inú mi dùn débi pé mo tún àgbàlá tí mo ti gbá gbá.

Àṣà kan wà tí ẹ ó fi mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà jẹ́ ọmọ ìkókó ni wọ́n bí ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ó ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé, ó jù ú lọ. Ìyàwó á wá orúkọ àpọ́nlé fún un, á sì máa kúnlẹ̀ kí i. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ń pè ní Eyínfúnjowó. Òun ló mọ géèmù náà ta jù nínú ilé. Mo ń sọ “ẹ” fún un, òun ń pè mí ní “Ìyàwó”, ó sì ń gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé ni nọ́ńbà aago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ló bá parẹ́. Alhájà ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Bàbá yẹn fi etí kọ́bọ̀ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bátìrì tó rí roboto bí bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Bí bátìrì tuntun ṣe wọlé, gbogbo ohun tó wà nínú gíláàsì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọ̀bọ, lórí gbogbo ẹ̀ka. Gbogbo máńgòrò, láti orí igi dé ilẹ̀. Ọkùnrin alápẹ̀rẹ̀ dúró sí gbogbo ibi tó máa ń sá dé, òun nìkan di ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níwájú ilé kékeré kan tí wọ́n yà síbẹ̀, obìnrin kan dúró. Ó ru igbá, ó na ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun. N kò rí i rí. Kí n tó la ẹnu, ojú gíláàsì ti mọ́, aago sì bẹ̀rẹ̀ láti méjìlá.

“Bàbá, ẹ rí obìnrin yẹn?”

“Obìnrin wo?” Èèyàn ń kí i láti títì, ó sì ti kọjú sí ẹni náà.

Mo délé, mo sọ ohun tí mo rí. Ibi tí ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Eyínfúnjowó ní kò sí obìnrin nínú géèmù náà, pé òun tí òun ti ta á tí àtàǹpàkò òun fi yi, òun ò rí i rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ní bóyá ẹni tó bá ta á dé òpin ló máa ń rí i. Ni gbogbo ilé bá dìde sí i. Wọ́n ta á, wọ́n ta á, títí nọ́ńbà fi kún, tó sì padà sí òdo. Ọ̀bọ ń ju máńgòrò, ọkùnrin ń sá kiri, kò sí obìnrin. Wọ́n wá kọjú sí mi.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká yọ bátìrì ká tún kì í, wọ́n á rí i. Alhájà ní rárá. Ààwẹ̀ ti wọlé, wọ́n ti fi aago náà sí àkókò sààrì pẹ̀lú ti rédíò, ẹni tó bá yọ bátìrì ti da àkókò náà rú. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan ń bí nínú, wọn ò sì wo ojú mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti di orin tí wọ́n ń kọ sí mi. Bí mo bá ní iyọ̀ ti tán, wọ́n á ní, “Ṣé ìwọ lo rí i, àbí obìnrin inú aago ló sọ fún ọ?” Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, wọ́n á ní kí n tún ojú nù. N kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ kó má fèsì, mo sì ń dá a padà fún wọn ní ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí n kò fẹ́. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò fẹ́ ibi fún mi, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyàwó, sọ pé àwàdà lo ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Alhájà ti sọ fún mi pé kí n múra sílẹ̀ fún Òjé. Wọ́n ní ẹni tó ń rí ohun tí kò sí, báwo ni yóò ṣe ka aṣọ oníbàárà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo wọ yàrá, mo sunkún, n kò tijú rẹ̀. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀. Òun náà ní kí n sọ pé àwàdà ni.

“Ṣé ẹ̀yin náà ò gbà mí gbọ́ ni?”

Ó ní òun gbà á pé obìnrin náà lè wà níbẹ̀. Ó ní nígbà mìíràn èèyàn á ti ta òwú àrà kan sílẹ̀ sórí òfì, á wá yí ọkàn padà, kò ní hun àrà náà mọ́, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Bóyá ohun tí ẹni tó ṣe géèmù náà ṣe nìyẹn. “Ṣùgbọ́n àlàáfíà dára,” ló fi parí rẹ̀.

Mo ní àlàáfíà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí obìnrin. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí èké náà máa wá oníbàárà tirẹ̀, èmi ò ní tà á. Gbogbo ẹni tó bi mí nínú ààwẹ̀ yẹn, ohun kan náà ni mo wí: igun apá òsì, ó ru igbá, ó na ọwọ́ sókè.

Ohun kan wà tí mo rí nígbà náà tí n kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Alhájà kì í wo aṣọ nínú ilé mọ́. Wọ́n á gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá ojú ń dùn wọ́n, wọ́n á jágbe mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí a ti ti yídì dé, tí gbogbo ilé ti jẹun yó, mo gbọ́ tí Alhájà ń sọ fún ìyálé mi pé lọ́la ni àwọn ń lọ sí Òjé. Ara mi kò gbà á. Mo mú kọ́bọ̀ kan, mo jáde, mo kúnlẹ̀ síwájú Alhájà lójú gbogbo wọn.

“Alhájà, ààwẹ̀ ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí i. Bí kò bá sí obìnrin níbẹ̀, ẹ dá mi padà sí Ṣakí.”

Ọkọ mi di orí mú. Alhájà tú gèlè wọn, wọ́n yọ nǹkan náà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo ní kí Eyínfúnjowó jókòó tì mí, kó má ṣẹ́jú. Mo fi etí kọ́bọ̀ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ bátìrì, mo kì í padà. Ọmọ náà pariwo, “Yéè! Obìnrin! Ó ru igbá!” Kí àwọn yòókù tó tẹ orí wò ó, ó ti lọ. Wọ́n ní kí n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún ṣe é. Wọ́n ń ti ara wọn, àwọn tó ń sùn dìde, àwọn aládùúgbò wá láti ilé kejì. Ìyálé mi rí i, ó di mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ní ká ta á dé òpin ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ni Eyínfúnjowó bá kọ́wọ́ sí ìbàdí. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ bá obìnrin yìí nílé o! Kí wọ́n tó gbé yín wọlé ló ti wà nílé yìí. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ.”

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, mo gbé aago náà sókè, mo ní, “Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣáájú mi délé, ẹ kú ilé o.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Alhájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Èmi ló yẹ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀. Ní Jídà, ojú mi ni ọmọ Lárúbáwá yẹn ṣe ki bátìrì bọ̀ ọ́. Mo rí obìnrin yìí. Nígbà tí mo tún máa wò ó, kò sí mọ́, mo sì ní ojú mi ti ń tàn mí jẹ. Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ojú mi ti ń bà mí. Ìgbà tí o délé tí o sọ ọ́, mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo rí i, tí wọn ò sì rí i, wọ́n á ní ojú arúgbó ti lọ, kí n fi ọjà sílẹ̀. Mo wá jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní òpùrọ́. Foríjì mí.”

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Gbogbo ààwẹ̀ ni mo fi jẹ ìyà ohun tí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n mo wo bí wọ́n ṣe gba aago náà tí wọ́n gbé e sún mọ́ imú, n kò sì rí ibi tí ìbínú náà yóò dúró sí. Mo ní, “Alhájà, ó ti tán.” Ó sì tán.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmọ mi kan tó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé ohun tí bàbá òun rò nígbà náà kò jìnnà sí òótọ́. Wọ́n ti fi obìnrin náà sínú gíláàsì kí wọ́n tó pinnu pé eré náà ò nílò rẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pa á rẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tó ń pè é jáde, àfi ìgbà tí bátìrì bá ń wọlé tó ń jí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyálé mi kò janpata; òòyì máa ń kọ́ ọ bó bá wọ ọkọ̀. Èmi ni mo bá Alhájà lọ sí Òjé lọ́jọ́ kejì ìtúnu, èmi náà ni mo sì ń bá wọn lọ títí wọn ò fi lè gun ọkọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, oníbàárà kan mú aṣọ méjì wá, ó ní àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Alhájà gbé wọn sún mọ́ imú bí ìṣe wọn. Wọ́n dúró. Wọ́n wá na aṣọ náà sí mi níwájú gbogbo ọjà, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyàwó, kí lo rí?”

Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn.