Simẹ́ǹtì Tí Iná Kì Í Jẹ

Láyé ìgbà owó epo, tí gbogbo Okokomaiko ń kọ́lé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ààrò búrẹ́dì ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe ní tiwa. Ọkọ mi ló ń mọ ọ́n, èmi ni mo ń po simẹ́ǹtì rẹ̀. Kì í ṣe simẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń kọ́lé o. Òkè òkun ni tiwa ti ń wá, iná kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó ń fẹ́ pọ̀ ju ti ọmọ tuntun lọ. Omi díẹ̀ báyìí ni. Bí mo bá ti pò ó, n ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, n ó ṣù ú, n ó jù ú sókè, n ó sì hán an. Bó bá fọ́, omi kò tó. Bó bá ń yọ́ gba àárín ìka mi, omi ti pọ̀ jù. Ó máa ń le débi pé ṣọ́bìrì lásán kò ràn án, àfi míkísà wa, agbada irin ńlá tó ní apá irin tó ń yí nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe búrẹ́dì ní Iba. Opó ni, ààrò rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ilé búrẹ́dì náà ni wọ́n ń sùn sí. Nígbà tí àjà ààrò yẹn já lulẹ̀, inú bàbá onílẹ̀ dùn. Ó ti ń wá bí yóò ṣe gba ilẹ̀ rẹ̀ kó kọ́ ilé tí yóò fi háyà. Ó ní bí búrẹ́dì kò bá jáde níbẹ̀ kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé, kí ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Ó ti kú, mo ṣì kórìíra rẹ̀.

Simẹ́ǹtì tó kù lọ́wọ́ wa kò ju ti ààrò kan lọ. Òmíràn wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, wọn kò ráyè já a nítorí ọkọ̀ tó kó simẹ́ǹtì ìkọ́lé ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bí èyí tí a fẹ́ pò yìí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

A fi lọ́rì gbé míkísà lọ sí Iba. Mo da simẹ́ǹtì sí i, mo wọ́n omi sí i, apá irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àfi pọ́ọ́, iná mànàmáná lọ. Bí omi bá sì ti kan simẹ́ǹtì yìí, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo pariwo.

Àwọn bíríkìlà kan ń da kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Láàárín àwọn tó ń kọ́lé, kò sẹ́ni tó ń rí ẹni tí simẹ́ǹtì fẹ́ gbẹ mọ́ lọ́wọ́ kó wá kọjá lọ. Wọ́n ju iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n kó o sórí páànù, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì yí i. Kò yí. Ìyá àgbà tó ń ru omi fún wọn wá ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́: ó gbé garawa omi.

“Ìyá, ẹ má dà á,” ni mo wí, ṣùgbọ́n ó ti dà á.

“Ó le jù, ọmọ mi. Apá á máa dun àwọn ọmọ yìí.”

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ń yọ́ gba àárín ìka mi bí ògì. Ta ni n ó bú? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, omi sì ń dà lójú mi.

Ọkọ mi fi mọ àjà náà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí òmíràn. “Ẹ̀gbọ́n wa,” ló wí, “omi inú rẹ̀ ti pọ̀. Bí ẹ bá tètè dáná gidi sí i, omi yẹn á gbóná, kò ní ríbi gbà jáde, á sì fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ títí ọdún á fi kọjá.”

“Níbo ni n ó wà nígbà tí ọdún bá kọjá?”

Ọkọ mi yí padà, ó ń fọ míkísà.

Òjò kò jẹ́ kí ohunkóhun gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ń dá iná kékeré sí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àjà náà, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù. Nígbà tí ọdún kù fẹ́ẹ́fẹ́, bàbá onílẹ̀ kó àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, wọ́n kan èèkàn síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn jà. Ó wọlé, ó po ìyẹ̀fun, ó kó o sínú agolo búrẹ́dì, ó sì ki igi kún ààrò.

Ìta ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró kan bíi ti táyà lọ́rì tó bẹ́. Nígbà tí mo wọlé, àjà ti wó lé iná lórí. Lórí tábìlì, ìyẹ̀fun ti wú, ó ń ṣàn kọjá etí agolo. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ tì í padà.

“A ó dín in,” ló wí.

A gbé epo kaná létí títì, a sì ń dín in títí àsìkò ìṣínu fi tó. Ó mú ọ̀kan fún mi kí n fi ṣínu.

“Ó dùn?”

“Ó dùn.”

“Ṣé yàrá yín á gba èmi àti àwọn ọmọ?”

Yàrá kan ṣoṣo la ní ní Okokomaiko, àwa àti ọmọ márùn-ún. Mo ní yóò gbà wá.