Ta Ló Ń Ké sí Ọ̀gá?

Ọ̀rọ̀ ààbò ti tán lẹ́nu mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́!

Àràárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ níbi ìlagi wa ní Ìkẹ́rẹ́ yìí, ká tó tan ẹ̀rọ. Bàtà, ìbọ̀wọ́, ayùn, iná. Lónìí, bí mo ṣe lanu báyìí, Òjó tó máa ń ti igi sẹ́nu ayùn bá mi parí gbólóhùn náà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi.

"Ó dáa, ẹ̀yin náà ẹ mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Kíá! Iṣẹ́ ń dúró dè wá."

Màmá Bọ́lá tó ń gbálẹ̀ nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, bá a bá wà lóko, ṣe là ń ké síra wa láti oko kan sí èkejì. Ẹni tí ò bá dáhùn, a ó lọ wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá yẹ ẹ̀rọ wò nígbà tá a bá ti re ulé, ta ní ń ké sí yín?"

Mo ní, "Ìyàwó mi wà l'Ékòó."

Òjó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ẹ ó gbọ́ ọ láti ibẹ̀?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti lọ báyìí. Mo ti yẹ ẹ̀rọ wò tán, síbẹ̀ mo ṣì dúró tì í, mò ń tẹ́tí sí ọ̀nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ kò bá dáhùn lónìí, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀?