Omi Kíkan Tí Mo Dà Nù

Láti Ìkirè títí dé Àpòmù, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ fọ̀ bí èmi. Kì í ṣe ìfọ́nnu. Ẹ bi àwọn ọlọ́jà. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, àmọ́ àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń jẹ kùkúńbà àti lẹ́túùsì tí mo gé, ní tútù, láìsè é.

Àkùrọ̀ tó wà lápá Àpòmù la ti ń kó wọn wá. Abẹ́ páànù ẹ̀yìn ilé mi ní Ìkirè lèmi àtìyàwó mi ti ń fọ̀ wọ́n nínú àgbá ńlá kan, a ó gé wọn, a ó dì wọ́n sínú ọ̀rá. Obìnrin kan ṣoṣo ní Ìbàdàn ló ń kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn tó ń tà á fún, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò, wọ́n ní kòkòrò àìsàn wà lára rẹ̀. A da bílíìṣì sómi. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń gbóòórùn rẹ̀. Ó wá là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí wọ́n bá tún rí kòkòrò, òun á wá ẹlòmíràn.

Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa oúnjẹ ní ilé-ìwé gíga, ló gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wálé. Ó ní kòkòrò rere ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ojú kì í rí, pé ká máa dà á sínú omi tí a fi ń ṣan ẹ̀fọ́ kẹ́yìn.

"Kòkòrò kẹ̀? Wọ́n ní ká lé kòkòrò, ìwọ tún gbé òmíràn wá!"

"Bàámi, ṣé ẹ mu ògì láàárọ̀ yìí?"

"Mo mu ún."

"Kí ló jẹ́ kó kan? Ìbátan wọn náà ni. Ilé tí ayálégbé rere bá kún, olè ò ní rí yàrá gbà níbẹ̀."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́wọ́ orí mi, ọmọ yín ti ń kọ́ yín níwèé o."

Ó kìlọ̀ pé ká má ṣe jẹ́ kí bílíìṣì kan omi náà mọ́. Ká máa bu omi ògì sí i, oúnjẹ wọn nìyẹn. Bí a bá fẹ́ po tuntun, ká bu díẹ̀ nínú ti àná sí i, kí ìran wọn má bàa parun.

Ó ṣiṣẹ́! Wọ́n yẹ ẹ̀fọ́ wa wò ní Ìbàdàn, ó mọ́. Kò síbi tí mi ò ti sọ ọ́, láti gáréèjì Ìkirè títí dé Gbọ̀ngán: èmi nìkan ni mo ní kòkòrò tó mọṣẹ́, tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

"Àlàájì, ẹ yá mi díẹ̀ níbẹ̀," awakọ̀ kan ní. "Àna mi ń dà mí láàmú."

Lẹ́yìn náà ni obìnrin Ìbàdàn pè pé òun ń bọ̀ fúnra òun lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú ẹni tí yóò mú ẹ̀fọ́ lọ yẹ̀ wò. Bó bá tún mọ́, ọwọ́ wa ni òun á ti máa gbà á títí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo ṣí àgbá. Omi náà funfun bí omi ìrẹsì, ó sì ń rùn kíkan. Mo ro ti àlejò. Láti kékeré, nílé kéú, ni áfáà ti fi pàṣán kọ́ wa pé omi tí àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ tàbí adùn rẹ̀ bá ti yí padà, a kì í fi ṣe àlùwàlá. Omi tí kò lè wẹ ọwọ́ mi mọ́ níwájú Ọlọ́run, ṣé òun ni n ó fi han àlejò? Ìyàwó mi wà ní àkùrọ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mo fi bílíìṣì fọ àgbá náà títí ó fi ń dán. Ìyókù inú kẹ́ẹ̀gì kékeré náà ń rùn. Mo dà á nù, mo fọ kẹ́ẹ̀gì náà. Mo wá pọn omi tuntun kún àgbá.

"Háà, Àlàájì, omi yín mà mọ́ o!" obìnrin náà wí.

Mo gbé àyà. Mo rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó pè. Kòkòrò burúkú ti padà, wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ẹ má bínú, sà. Ó tán nìyẹn."

Ọjọ́ kejì lọmọ mi wálé. Ó ṣí àgbá, ó yọjú wò ó, ó tẹrí gbóòórùn rẹ̀.

"Bàámi, omi yẹn dà?"

"Ó ti yí padà. Mo dà á nù."

"Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́?"

Mo gbé e lé e lọ́wọ́: ó ṣófo, ó ń dán. 

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní iná tó ń ṣe ségesège ti ba èyí tó wà nínú fíríìjì ilé-ìwé wọn jẹ́. Tiwa nìkan ló kù, òun sì wá bu nínú rẹ̀ ni, torí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí tí òun fẹ́ fi gboyè dúró lé. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn kó pariwo.

Mo ti kiri Ìbàdàn wá oníbàárà mìíràn. Ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Mo da omi ògì sínú omi, mo dúró. Ó kan lóòótọ́. Ọmọ mi ní ìbátan lásán ni, kì í ṣe àwọn yẹn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pè mọ́. Kùkúńbà ń pọ́n, ó ń jẹrà lórí ebè. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọ̀bẹ, ó ń fi wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ń dín dòdò létí títì.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀fọ́ fọ̀ bí èmi. Àgbá náà ṣì wà lábẹ́ páànù. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun ni mo fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.