Ìkíni Ìyá Mi Lára Aṣọ Funfun

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mi fi fóònù rẹ̀ ya fíìmù kan tí kò gùn tó àkókò tí mo fi ń ka rosárì tán. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ni ọmọ náà yà, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Akparé, nílẹ̀ Tógò, tó ń sọ bí wọ́n ṣe dá oko wa sílẹ̀. Èdè Ifẹ̀ wa, ẹ̀yà Yorùbá tí à ń sọ ní Tógò, ni ìyá mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ń ba ọmọ náà lẹ́rù nìyẹn.

"Màmá, Faransé ni gbogbo fíìmù táwọn èèyàn mọ̀. Bí wọ́n bá fi ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, mi ò ní ya òmíràn mọ́."

Mo ní kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àwọn sísítà tó kọ́ mi níwèé kì í jẹ́ ká sọ èdè ilé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìwé tí mo mọ̀, àmọ́ ìtìjú yẹn ò tíì tán lára mi.

Fadá fún wa ní gbọ̀ngàn ìjọ ní Agbonou láti fi fíìmù náà han àwọn èèyàn, lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú. A fi aṣọ di fèrèsé, a ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti ìlú Notsé mú fíìmù kúkurú tiwọn wá, Faransé ni. Àwọn èèyàn wò ó jẹ́jẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kàn wá, ìyá mi, tó jókòó síwájú pátápátá, tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Ojú rẹ̀ yọ lára aṣọ funfun náà. Ó gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn. Ní tiwa, bí àgbà bá kí èèyàn, a kì í dákẹ́. Wọ́n béèrè bí oko ṣe ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n béèrè nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ ìyá inú fíìmù ti ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá mi fi ìbínú dìde. "Ẹ dákẹ́! Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ ni?"

Káfíńtà àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ìyá, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ká dá lóhùn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi fi ọwọ́ kan bojú, ó na èkejì láti pa ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán náà sára aṣọ.

"Má pa á o!" ni káfíńtà náà ké. "Dá a padà síbẹ̀rẹ̀, ká gbọ́ bí wọ́n ṣe dá oko náà."

Ó dá a padà. Wọ́n tún dáhùn ìkíni náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rọra dáhùn, wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó dìde.

"Ó ti tán?" ni obìnrin kan wí. "Ìyá ò tíì sọ ti ọdún tí òjò ò rọ̀!"

"Mò ń bọ̀ wá sọ ọ́," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Nígbà tí à ń kó aṣọ kúrò lójú fèrèsé, ọmọ mi ní, "Màmá, mo máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìkíni, bí Fadá ṣe máa ń dúró kí ìjọ dáhùn."

Ó ti ń ya ti òjò náà lọ́wọ́ báyìí. Ìyá mi á kí, á sì dúró. Bí ọmọ mi bá ń tún un ṣe nínú yàrá, tí mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi láti ilé ìdáná, mo máa ń dáhùn ìkíni náà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.