Bí Mo Ṣe Dógò Ti Dókítà ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá sọ fún yín pé mo bẹ dókítà kí ó tó tú ìyàwó mi sílẹ̀, irọ́ ló ń pa. Èmi náà máa ń purọ́, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju irọ́ inú rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tí à ń sanwó lábẹ́ agbòòrùn kí a tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Apẹja ni mí. Ìyàwó mi ló ń yan ẹja tí mo bá pa, òun náà ló ń tà á ní Ọjà Olúwo. Ó lọ bá ọmọ wa obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan. Wọ́n ní àpẹ́ńdíìsì ni. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti ká kò bí edé lórí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà náà mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

“Èló ni?”

“Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà, Bàbá.”

“Ṣé ó parí síbẹ̀?”

“Ó parí síbẹ̀.”

Mo ka ogún lé e lọ́wọ́, mo ní màá mú mẹ́wàá tó kù wá bó bá ṣe tán. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá bọ ènìyàn lọ́wọ́ ti sọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, mo mú mẹ́wàá mi dání, mo dé bí ọkọ ìyàwó. Obìnrin tó ń gba owó ti ìwé kan sí mi. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, tíṣà ní mo ń yára kọ́ àwọn ọmọ yòókù ní irọ́ ju bí òun ṣe ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Mo ka èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo tún un kà. Mo dojú ìwé náà kodò, bóyá yóò dín. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ó lé.

“Màdáámù, ṣé ìyàwó mi nìkan lẹ là níkùn, àbí gbogbo wọ́ọ̀dù?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àpẹ́ńdíìsì náà ti bẹ́ kí wọ́n tó là á, nítorí náà iṣẹ́ di méjì. Oògùn pọ̀ sí i, owó epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, owó bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Títí n ó fi san án pé, ìyàwó mi ò ní kọjá géètì. Èyí tó wá mú mi bínú jù ni pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi dá a dúró, owó bẹ́ẹ̀dì tuntun ń gun orí ti àná.

Ìyàwó mi jókòó lójú fèrèsé, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè.

“Bàbá wọn, ẹ ta ọkọ̀ kí n máa lọ sílé.”

Ọkọ̀ ojú omi mi ló ń wí. Ọkùnrin ará Èjìnrìn kan ti ń fojú sí i lára tipẹ́. Bí mo bá tà á, owó ọsibítù á pé. Ṣùgbọ́n kí ni n ó máa fi pa ẹja? Kí n wá máa tukọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ogbó mi, kí ó máa ju èpìyà kékeré sí mi bí ẹni ju ú sí ológbò? Kí sì ni ìyàwó mi náà máa yan lọ sí Olúwo?

“N ò ní ta ọkọ̀,” mo ní, “n ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ síbí.”

“Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?”

Mo ní kí ó máa wò mí.

Láyé àwọn bàbá wa, bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tí kò san, ẹni tó jẹ lówó á rán ológò sí i. Ológò kì í jà. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló máa jókòó sí, á máa bú u, á máa pàṣẹ oúnjẹ, á pa adìyẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀, kò sì ní dìde títí wọn á fi sanwó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kí á dógò ti ènìyàn. Bàbá bàbá mi ṣe é rí ní Èjìnrìn. Ó jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olú fi hù lára rẹ̀, tí àwọn ewúrẹ́ ilé náà fi dá owó jọ láàárín ara wọn kí ó lè máa lọ. N ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mo mọ ewúrẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn, ó láhun.

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́, mo wọ bùbá tí mo fi ń pa ẹja, èyí tí omi ọ̀sà ti sọ di pákó. Mo gbé ẹní kan àti agbọ̀n ẹja yíyan, ó di Ìkòròdú. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù gan-an ni mo tẹ́ ẹní sí.

Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde. “Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀, ọ̀nà ni!”

“Mo mọ̀ pé ọ̀nà ni. Bí kì í bá ṣe ọ̀nà, kí ni n ó jókòó síbẹ̀ ṣe?”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo wá dógò ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sè lónìí?”

Òórùn ẹja mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Kí oòrùn tó kanrí, gbogbo ológbò Ìkòròdú ti pé, títí kan àwọn tó wọ ọkọ̀ wá láti òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n tò jókòó bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà.

“Ológbò kì í wọ ọsibítù!” nọ́ọ̀sì ń pariwo.

“Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Bóyá inú ló ń run wọ́n.”

Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ni mo ń kí dáadáa. “Ẹ kú àìlera o, Ọlọ́run á wò yín sàn. Iye tí wọ́n bá pè fún yín, ẹ mú ìlọ́po rẹ̀ méjì dání.” Ọkùnrin kan tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì gbọ́ èyí, ó ní ara òun ti yá, ó yí padà.

Ìyàwó mi na orí jáde lójú fèrèsé. “Bàbá wọn! Ẹ dìde, ẹ ń dójú tì mí!”

“Ojú tó máa tì kì í ṣe tìẹ. Ní sùúrù.”

Nígbà tó yá, dókítà fúnra rẹ̀ jáde. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ mí lówó. Mo gbọ́ ìtàn ológò rí. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló ń rán an, kì í ṣe onígbèsè.”

“Òótọ́ ni. Wọ́n jẹ mí ní gbèsè.”

“Kí ni mo jẹ yín?”

“Ìyàwó. Mo fi í lé yín lọ́wọ́, ẹ ò dá a padà.”

Ó ní òun á pe ọlọ́pàá. Mo ní kí ó pè wọ́n, kí ó sọ fún wọn pé bàbá arúgbó kan jókòó, kí ó sì ṣàlàyé obìnrin tó wé gèlè sójú fèrèsé yẹn fún wọn. Ó wo fèrèsé. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọ̀pá lọ́wọ́, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kúnlẹ̀ fún un. Ìyá dókítà ni, ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé, ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ó rí mi, ó rí ẹní, ó rí àwọn ológbò. Ó dúró.

“Bàbá, ta lẹ dógò tì?”

“Ọmọ yín ni, Màmá.”

Ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà tó ìyẹn mọ̀ pé ilé tí ológò bá jókòó sí, wọ́n á fi bú ọmọ-ọmọ ibẹ̀. Ó ní kí èmi àti ọmọ òun tẹ̀ lé òun wọlé.

Dókítà rojọ́ dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn ènìyàn ń gba ìwòsàn tán, wọ́n ń sá lọ. Ẹnìkan fo ọgbà tòun ti dírípù lọ́wọ́. Ó ní ohun tí òun bá nínú ikùn yẹn ju ohun tí òun rò lọ.

“Bí mo bá dá iye ẹja fún ọ,” mo ní, kí n sì tó mọ̀, mo ti kúrò ní “ẹ” bọ́ sí “o”, “tí mo dé ojú omi tí ìjì jà, ṣé mo lè padà wá gba owó ìjì lọ́wọ́ rẹ?”

“Omi ò dà bí ikùn, Bàbá.”

“Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti rì.”

Ìyá rẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Oògùn tí o rà, ó yẹ kí wọ́n san án. Iṣẹ́ tí ẹ ti bọwọ́ lé lórí, iye tí ẹ dá náà ni. Ṣùgbọ́n owó bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí ara obìnrin yìí ti yá ńkọ́? Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìwọ lo tún ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?”

Dókítà wo ilẹ̀. “Màámi, mo ti yọ ọ́ kúrò.”

Mo gbé mẹ́wàá mi kalẹ̀. Ó ku owó oògùn. Mo ní n ó máa mú un wá díẹ̀díẹ̀ bí a bá ti ń tajà ní Olúwo.

“Ta ló máa dúró fún yín?” dókítà bi mí.

“Ẹ ti rí bí mo ṣe ń jókòó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó ti ènìyàn tó báyìí, ṣé á jẹ́ kí wọ́n wá jókòó ti òun?”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo san owó náà tán kí òjò ọdún yẹn tó dá, ọkọ̀ mi ni mo sì fi pa ẹja tí mo fi san án.

Bí a ṣe ń jáde, dókítà ní kí n bẹ àwọn nọ́ọ̀sì òun. Mo ní kí ni mo ṣe fún wọn, yàtọ̀ sí ẹja tí mo fún wọn jẹ? Ó ní ó kéré tán, kí n tún orúkọ ọsibítù òun ṣe lójú àwọn tó wà níta. Mo ní ìyẹn ò le.

Mo ká ẹní mi, mo kọjú sí àwọn aláìsàn, mo gbé ohùn sókè: “Ẹ gbọ́ o! Dókítà yìí mọ ikùn tún ṣe, ẹ wo ìyàwó mi bó ṣe ń rìn. Ẹ wọlé lọ bá a. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ owó, ẹ ní kí wọ́n pe ìyá rẹ̀ wá!”

Ìyàwó mi, tó ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, di ikùn mú níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá wọn, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, okùn tí wọ́n fi rán mi á já.”

“Kí ó já,” mo ní. “A ti mọ iye rẹ̀.”